Ọwọ́ Ni Í Kọ́kọ́ Ka Orí Kí Abẹ Tó Débẹ̀

Ọ̀rọ̀ orí ni mo gbé wá lónìí. Kì í ṣe orí inú tí àwọn baba wa ń bọ. Orí òde ni, èyí tí abẹ ń rìn lórí rẹ̀. Fífá orí kodoro, tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní gorímápá, ti gbòde kan. Ẹni tí irun àtàrí rẹ̀ ń re ń fá a, ẹni tí ewú ti bò ń fá a, ẹni tí kò sí nǹkan kan tó ṣe irun rẹ̀ náà ń fá a, nítorí pé ó ń jẹ́ kí orí fúyẹ́ nínú ooru, ó sì mọ́ tónítóní. Ṣùgbọ́n ohun kan náà ni púpọ̀ nínú wọn ń ráhùn lé lórí: orí kì í dán délẹ̀. Ibì kan á jọ̀lọ̀ bí ẹyin, ibì kan á sì máa ha ọwọ́ bí ewé eèpín. Tí wọ́n bá wá fi agbára mú un pé àfi kó dán dandan, tó bá fi máa di ọjọ́ kẹta, kókó wẹ́wẹ́ á ti sú bo ìpàkọ́. Abẹ ni wọ́n máa ń di ẹ̀bi rù, tàbí ẹni tó di abẹ mú. Èmi sọ pé ẹ̀bi náà kì í ṣe ti abẹ. Irun orí ènìyàn kì í kọrí síbì kan náà, ẹni tí kò bá sì kọ́kọ́ wá ibi tí irun kọrí sí kò lè fá a kó gún, abẹ rẹ̀ ìbáà mú ju ti olóòlà lọ.

Ẹ jẹ́ ká wo bí irun ṣe ń hù. Irun kọ̀ọ̀kan ní ihò tirẹ̀ nínú awọ orí. Ihò náà kì í dúró ṣánṣán bí òpó. Ńṣe ló máa ń dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ibi tó bá sì dà sí ni irun á kọrí sí. Ní àtàrí, lápá ẹ̀yìn díẹ̀, ibì kan wà tí irun ti ń pòòyì bí omi tó ń yí lójú ibú. Lórí ọ̀pọ̀ ènìyàn, ọ̀nà tí ọwọ́ aago ń gbà ni irun náà ń gbà yí. Lórí àwọn mìíràn, òdì-kejì ni. Àwọn kan sì wà tí ibi ìpòòyì tiwọn jẹ́ méjì lórí kan ṣoṣo. Láti ibẹ̀ ni irun ti ń tú ká: ti iwájú ń lọ síwájú, ti ẹ̀gbẹ́ ń sọ̀ kalẹ̀ sí etí, ti ẹ̀yìn ń sọ̀ kalẹ̀ sí ìpàkọ́. Ibi tó le jù ni ìsàlẹ̀ ìpàkọ́ níbi tó ti pàdé ọrùn. Níbẹ̀, irun apá ọ̀tún àti ti apá òsì lè wá pàdé láàárín, wọ́n lè dojú kọ òkè, wọ́n sì lè sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Orí méjì kì í fi bẹ́ẹ̀ bára mu níbẹ̀. Kódà apá méjèèjì orí ẹnì kan náà lè má bára mu. Ẹni tó bá wá ki abẹ bọ ìpàkọ́ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, tó sì gbá gbogbo rẹ̀ bí ẹni ń gbálẹ̀, yóò bá irun ibì kan lọ, yóò lòdì sí ti ibòmíràn, yóò sì dábùú ti ibì kẹta, láàárín ìgbà tí a lè fi ka ení, èjì, ẹ̀ta. Báwo ni ibẹ̀ ṣe fẹ́ dán bákan náà?

Àwọn tí irun wọn gùn, tó sì nà, lè wo dígí kí wọ́n rí ibi ìpòòyì yìí kedere. Irun tiwa ká, ó sì lọ́, ojú kì í tètè rí ọ̀nà rẹ̀. Ọwọ́ ló ń rí i. Nígbà tí wọ́n bá ti fi kílípà gẹ irun mọ́lẹ̀, tí ó sì ti hù fún ọjọ́ kan tàbí méjì, kí onítọ̀hún rọra fi àtẹ́lẹwọ́ ra orí náà yíká. Ibi tó bá ti jọ̀lọ̀, ọwọ́ ń bá irun lọ nìyẹn. Ibi tó bá ti ń ta kò ó, tó ń ha á, irun ibẹ̀ dojú kọ ọwọ́ ni. Kí ó tún fi ọwọ́ ra á láti ọ̀tún sí òsì, àti láti òsì sí ọ̀tún. Kò pẹ́ tí yóò fi mọ orí rẹ̀ bí àgbẹ̀ ṣe mọ oko tó ń ro. Àgbẹ̀ tí atẹ́gùn bá ti da koríko rẹ̀ dé mọ̀ pé ibì kan wà tí òun gbọ́dọ̀ dúró sí kí àdá tó lè mú un. Bí ó bá dúró sí òdì-kejì, ńṣe ni àdá á máa yọ̀ lórí koríko.

Ọgbọ́n tó sún mọ́ èyí wà lọ́wọ́ àwọn tó ń bó ọsàn. Kò sẹ́ni tó ń gba Fìdítì kọjá lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ tí kò mọ̀ pé ìlú èso ni, ìlú ọsàn, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ọ̀pẹ̀-òyìnbó. Ẹ wo ọwọ́ obìnrin tó ń bó ọsàn fún oníbàárà dáadáa. Ọ̀bẹ kì í sáré kiri lára ọsàn; ọsàn ni ọwọ́ òsì ń yí, tí ọwọ́ ọ̀tún kàn gbé ẹnu ọ̀bẹ lé e pẹ́lẹ́. Èèpo fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ á máa wọ́ bọ̀ láti òkè dé ìdí, funfun abẹ́ rẹ̀ kò ní gbọgbẹ́. Bó bá tẹ ọ̀bẹ mọ́ ọn, omi ọsàn á tú jáde. Ẹni tó ń fá orí nílò ọwọ́ òsì tó gbọ́n bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ yẹn ni yóò máa yí orí, tí yóò máa na awọ rẹ̀ díẹ̀ kó lè tẹ́jú, tí yóò sì máa sọ fún ọwọ́ ọ̀tún ibi tí abẹ yóò gbà. Fífá orí burúkú máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọwọ́ òsì bá jókòó lásán, tí ọwọ́ ọ̀tún sì wá ń fi agbára dí àlàfo rẹ̀.

Àwọn ará ìhà Ọ̀yọ́ wa yìí kì í ṣe àlejò nídìí iṣẹ́ orí fífá. Ẹni-ọ̀wọ̀ Samuel Johnson, tó ṣe àlùfáà ní Ọ̀yọ́, tí ìwé ìtàn Yorùbá tó kọ sì jáde ní 1921, ogún ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, ṣàlàyé bí orí àwọn ìlàrí, ìránṣẹ́ Aláàfin, ṣe máa ń rí. Wọ́n á fá apá kan orí, wọ́n á dá apá kejì sí, wọ́n á sì pààrọ̀ wọn lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀; àtàrí tí wọ́n sín gbẹ́rẹ́ sí ni wọn kì í fá, irun ibẹ̀ ni wọ́n máa ń dì. Ọ̀rọ̀ ààfin àti ti awo ló wà nídìí èyí, n kò sì ní fi ọ̀rọ̀ abẹ sọ ọ́ di nǹkan mìíràn. Ohun tí mo rí fà yọ níbẹ̀ ni pé ẹni tó ń fá orí ìlàrí kò lè ka orí sí pápá kan ṣoṣo. Ó ní láti mọ ibi tí apá ọ̀tún parí sí, ibi tí àtàrí ti bẹ̀rẹ̀, àti ibi tí abẹ òun gbọ́dọ̀ dúró. Ìmọ̀ yẹn gan-an ló ń sọnù lọ́wọ́ wa bí ẹ̀rọ ṣe ń pọ̀ sí i, nítorí pé ẹ̀rọ ń jẹ́ ká rò pé ibi gbogbo lórí jẹ́ ọ̀kan náà.

Kí ló dé tí kókó fi ń sú sí orí tí wọ́n fá lòdì? Bí wọ́n bá na awọ orí, tí abẹ sì dojú kọ irun, abẹ á kọ́kọ́ fa irun náà sókè díẹ̀ kó tó gé e. Bí wọ́n bá ti fi awọ sílẹ̀, irun tí wọ́n gé náà á sún padà, ẹnu rẹ̀ á sì wọ ìsàlẹ̀ ojú awọ. Ẹni tí irun rẹ̀ nà kò ní rí ìyọnu púpọ̀, torí irun rẹ̀ á kàn gba ọ̀nà tó bá wọlé jáde padà. Irun tiwa ń ká bí ó ṣe ń hù. Abẹ ti bẹ́ ẹnu rẹ̀ ṣóńṣó bí ẹ̀gún. Ó lè gún ẹ̀gbẹ́ ihò tirẹ̀, ó sì lè yọ síta tán kó tún tẹ̀ kọdọrọ wọnú awọ padà. Ara kò mọ̀ pé irun òun ni. Bí ìgbà tí ẹ̀gún bá gún un ló ṣe máa ń ṣe sí i. Ibẹ̀ á wú, á máa yún, ó lè gbọyún, tó bá sì san tán, ojú àpá á dúdú. Ní 1956, àwọn dókítà Amẹ́ríkà méjì kan, John Strauss àti Albert Kligman, kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ yìí bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nínú irùngbọ̀n, ohun tí wọ́n sì rí ni irun tó ń padà gún olówó rẹ̀. Kókó ìpàkọ́ tó máa ń le, tó máa ń di àpá gbàǹgbà, ti wà nínú ìwé àwọn oníṣègùn ṣáájú ìyẹn. Ní 1869 ni dókítà Moritz Kaposi ṣàpèjúwe rẹ̀ ní Vienna, ní 1872 sì ni Bazin, dókítà ará Faransé, fún un ní orúkọ tí àwọn dókítà ń pè é dòní, acne keloidalis. Àwa ènìyàn dúdú, pàápàá ọkùnrin, ló ń bá jà jù lọ, fífá irun dé gbòǹgbò àti ọrùn ẹ̀wù tó ń ha ibẹ̀ sì máa ń dá kún un.

Ní 1971, ilé iṣẹ́ Gillette gbé abẹ ẹlẹ́nu méjì jáde, èyí tí wọ́n pè ní Trac II. Ẹnu kìíní á fa irun sókè, ẹnu kejì á gé e nísàlẹ̀ kó tó sún padà. Lẹ́yìn náà ni ẹlẹ́nu mẹ́ta, mẹ́rin, márùn-ún wá tẹ̀lé e. Fún ẹni tí irun rẹ̀ nà, ọgbọ́n ńlá ni. Fún irun tó ká bíi tiwa, ohun tí mo ṣàlàyé tán yìí ni wọ́n fi ẹ̀rọ ṣe. Ìdí rèé tí mo fi ń sọ fún ẹni tí kókó ń yọ lẹ́nu pé kó padà sí abẹ ẹlẹ́nu kan, yálà abẹfẹ́lẹ́ inú ọwọ́ irin tàbí ti àwọn bábà. Bí abẹ kan bá kọjá lójú irun lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀kan náà ló gé e.

Àwọn kan á ní, àwọn baba wa kò ní dígí rẹpẹtẹ, wọn kò ní òróró ìpara kankan, ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀ tó gbé àpò rẹ̀ kọ́ èjìká ni wọ́n ti ń fá orí lábẹ́ igi, orí wọn sì dán. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí onígbàjámọ̀ ń ṣe gan-an. Abẹ rẹ̀ ní ẹnu kan. Ó ń pọ́n ọn kó tó lò ó. Ó ń fi omi àti ọṣẹ ra irun títí yóò fi rọ̀. Ó di orí mú, ó ń yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, abẹ rẹ̀ sì ń lọ kúkúrú kúkúrú. Àwọn baba náà kì í sì í fá orí lójoojúmọ́. Irun wọn máa ń rí àyè hù kọjá ojú awọ dáadáa kí abẹ tó tún dé. Ẹni tó bá fi tiwọn ṣe àwíjàre láti máa fi abẹ gbígbẹ ha orí rẹ̀ láràárọ̀ ń fi ọ̀nà tí wọn kò rìn pè wọ́n lẹ́rìí.

Àtakò tó le jù èyí ni ti àwọn tó sọ pé bí a kò bá fá irun lòdì, kò lè dán. Wọn kò parọ́ tán. Irun tí a bá fá lòdì máa ń jọ̀lọ̀ ju èyí tí abẹ tẹ̀lé lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀nà mẹ́ta ni abẹ ní, kì í ṣe méjì: ó lè tẹ̀lé irun, ó lè dábùú rẹ̀, ó sì lè lòdì sí i. Orí tí omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ti rọ̀, tí abẹ tẹ̀lé irun rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, tí wọ́n tún fi ọṣẹ sí i kí abẹ tó dábùú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ó máa ń dán débi pé ojú kò lè mọ ìyàtọ̀, ọwọ́ nìkan ló lè mọ̀ ọ́n. Ọ̀nà kẹta yẹn, ibi tí a ti mọ̀ pé kókó kì í yọ ni kí a fi mọ sí, iwájú orí àti ẹ̀gbẹ́ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, kí ìpàkọ́ sì bọ́ nínú rẹ̀ pátápátá. Ọjọ́ kẹta ló yẹ ká fi ṣe òṣùwọ̀n orí tó dán. Orí tó jọ̀lọ̀ ní àárọ̀ Sátidé tó sì ń yún olówó rẹ̀ ní ọjọ́ Mọ́ńdè, wọn kò tíì fá a dáadáa.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé ìdọ̀tí kílípà bábà ló ń fa gbogbo kókó. Ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n pò pọ̀ yẹn, ó sì yẹ ká yà wọ́n sọ́tọ̀ nítorí pé ìtọ́jú wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Irun tó ká wọnú awọ kì í ràn. Abẹ tuntun tó mọ́ jù lọ lè fà á. Làpálàpá ń ràn, kílípà tí wọn kò fọ̀ lè gbé e láti orí ọmọ kan lọ sórí ọmọ mìíràn. Èyí tó burú jù wọ́n lọ kì í hàn lórí rárá. Abẹ tó ti kan ẹ̀jẹ̀ lè gbé àrùn jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ oríṣi B (hepatitis B) láti ara ẹnì kan sí ẹlòmíràn, kòkòrò àrùn náà sì lè wà láàyè nínú ẹ̀jẹ̀ tó ti gbẹ fún ọjọ́ 7, ó kéré tán. Nítorí náà, kò sí àrífín nínú kí oníbàárà ní kí bábà já abẹ tuntun lójú òun. Àwọn tó ti lọ sí Mẹ́kà mọ èyí: fífá orí tàbí gígé irun wà lára iṣẹ́ Hájì, àwọn aláṣẹ Saudi Arabia a sì máa kìlọ̀ fún àwọn àlejò Ọlọ́run pé ọ̀dọ̀ bábà tó ní ìwé àṣẹ ni kí wọ́n lọ, kí wọ́n má sì bá ẹnikẹ́ni pín abẹ lò.

Ẹ̀yin bábà wa náà ní ọ̀rọ̀ tiyín, mo sì mọ̀ ọ́n. Ní ọjọ́ tí ọdún bá ku ọ̀la, èrò á kún ṣọ́ọ̀bù, iná á lọ, jẹnẹrétọ̀ á máa jẹ epo, ta ló ráyè fọwọ́ ra orí? Kíka orí kì í gba ìṣẹ́jú méjì, bábà tó bá sì kà á kò ní padà síbì kan náà lẹ́ẹ̀mẹrin. Àwọn àgbà ní a kì í fárí lẹ́yìn olórí, kì í sì í ṣe pé kó jókòó sórí àga nìkan ló tó. Olórí ni kó sọ pé, “Ẹ̀gbọ́n, irun ìpàkọ́ mi ń lọ sókè lápá òsì, ẹ bá mi tẹ̀lé e.” Bábà tó mọṣẹ́ kò ní bínú. Ní ti páúdà ìfárí, ó wúlò fún ẹni tí abẹ kò bá bá ara rẹ̀ mu rárá, torí pé jíjẹ ló ń jẹ irun dípò gígé e. Àmọ́ ó ń jẹ awọ náà tí ó bá pẹ́ ju àkókò tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀ lọ. Kí ẹni tó bá fẹ́ lò ó kọ́kọ́ dán díẹ̀ wò ní apá.

Ẹni tí kókó ti sú sí lọ́rùn tẹ́lẹ̀ kò gbọ́dọ̀ gbé abẹ gba orí kókó náà. Kó jẹ́ kí irun ibẹ̀ hù fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kó máa fi kílípà gẹ̀ ẹ́ lókè awọ, kó má fi èékánná tú u, bí ó bá sì ń le tàbí tó ń gbọyún, ọ̀dọ̀ dókítà ni kó kọrí sí. Ẹni tí orí rẹ̀ mọ́, tó fẹ́ fá a fúnra rẹ̀, ẹ̀yìn ìwẹ̀ ló dára jù, nígbà tí omi gbígbóná ti wọ irun lára. Kí ó fi ọṣẹ tó ń hó dáadáa sí i, kí ó sì fi í sílẹ̀ níwọ̀n ìṣẹ́jú méjì tàbí mẹ́ta. Kí ó bẹ̀rẹ̀ láti iwájú àti ẹ̀gbẹ́ tó rọrùn, kí ọṣẹ ráyè rọ ti ẹ̀yìn. Tó bá dé àtàrí, kí abẹ má gba ọ̀nà tààrà. Láti ojú ìpòòyì ni kí ó ti máa jáde síta, díẹ̀díẹ̀, yíká, bí irun náà ṣe tú ká. Kí ó máa ṣan abẹ nínú omi lẹ́yìn ìgbà méjì mẹ́ta tó bá ti fá a, kí ó má sì tẹ̀ ẹ́. Ìpàkọ́ ni kó ṣe kẹ́yìn, kó wo orí sílẹ̀ kí awọ ibẹ̀ lè nà, kó fi ìka ọwọ́ òsì wá ọ̀nà irun ṣáájú abẹ: níbi tó bá ti lọ sókè, kí abẹ lọ sókè; níbi tó bá ti yà, kí abẹ yà. Lẹ́yìn náà, omi tútù, aṣọ ìnura tó mọ́ tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ láìnù ún, òrí díẹ̀ lórí àtẹ́lẹwọ́, kí wọ́n sì fi fìlà tó ń há orí sílẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́.